Bọ̀dá ní ká yọ ṣájà, èmi ní ká má yọ ọ́: ta ló jàre?

Ìbéèrè kan wọlé láti Ìpẹru, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bọ̀dá kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ la jọ ń gba oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, ní Ìpẹru níbí àti Òde-Rẹ́mọ. Láptọ́ọ̀pù Windows la ń lò, Audacity (sọ́fítíwíà tá a fi ń gba ohùn) ló wà lórí ẹ̀, máìkì wọ inú míkísà kékeré kan, wáyà tó tinú míkísà jáde ló wọ sọ́ǹdù káàdì USB. Ariwo wà nínú ohùn tí à ń gbà. Bọ̀dá ní ṣájà láptọ́ọ̀pù ló fà á, ká yọ ọ́. Èmi ní tá a bá yọ ọ́ ló ń burú sí i, ọ̀rọ̀ á máa já. Ẹni tó ń bá wa tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Ṣàgámù ní Audacity ló ti bàjẹ́, ó yọ ọ́ kúrò, ó tún òmíràn gbé sí i, ó dáa fún ọjọ́ méjì, ó tún padà sídìí àárọ̀. Ní báyìí èmi àti bọ̀dá ò fi bẹ́ẹ̀ kí ara wa dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe yẹn. Mo ti gbọ́ fáìlì méjèèjì tó o fi ránṣẹ́, íápíìsì ni mo sì fi gbọ́ wọn, torí ẹnu fóònù kì í lè gbé irú ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde, ẹni tó bá fi fóònù gbọ́ ọ á ní kò sí nǹkan kan. Kí n tó máa rojọ́ lọ, ìdáhùn ẹ nìyí: ìwọ jàre, bọ̀dá náà jàre, ẹni Ṣàgámù yẹn ni ò jàre. Ariwo méjì ló wà nínú iṣẹ́ yín, ibi tí ọ̀kan ti ń wá yàtọ̀ sí ibi tí èkejì ti ń wá, ohun tó wá sọ ọ́ dìjà ni pé ohun kan náà tẹ́ ẹ fi ń lé ọ̀kan jáde lẹ fi ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì.

Jẹ́ ká wo àwọn fáìlì yẹn. Ti àkọ́kọ́, èyí tí ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù, ohùn màmá mọ́ kedere, ọ̀rọ̀ kankan ò já, àmọ́ nǹkan kan ń kùn lábẹ́ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà tí màmá dákẹ́ kí wọ́n lè mí ni mo tiẹ̀ gbọ́ ọ jù. Ti èkejì, èyí tẹ́ ẹ yọ ṣájà, kíkùn yẹn ti lọ pátápátá, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ṣùgbọ́n níbi tí màmá ti dárúkọ Akárìgbò, "Aká" ni mo gbọ́, nǹkan ta pà, ló bá di "gbò". "Rì" ò sí ńbẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ irú ẹ̀ níbòmíràn nínú fáìlì yẹn náà. Ṣó o wá rí i báyìí? Bọ̀dá gbọ́ fáìlì kejì, inú wọn dùn, torí kíkùn letí wọn ń wá, kíkùn ò sì sí. Ìwọ gbọ́ fáìlì kan náà, inú bí ẹ, torí ọ̀rọ̀ màmá letí tìẹ wà. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín.

Ká mú kíkùn ṣáájú. Iná mànàmáná tiwa ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohunkóhun tó bá tinú iná wọ inú ohùn, ó máa ń gbé àmì yẹn dání ni. O lè fojú ara ẹ rí i láì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣí fáìlì àkọ́kọ́ nínú Audacity, wá ibi tí màmá ti dákẹ́, kó o wá máa fẹ̀ ẹ́, máa fẹ̀ ẹ́, títí wàá fi rí ìlà yẹn tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀. Wo òṣùwọ̀n àkókò tó wà lókè. Tí ìrísí kan náà bá ń padà wá ní gbogbo 0.020 ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí 0.010, iná ni, kì í ṣe sọ́fítíwíà, kì í sì í ṣe máìkì. Tìẹ tí mo wò, 0.010 ni. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ tàn, àwọn "I better pass my neighbour" yẹn, kò ní dúró sójú kan, torí ẹ̀rọ yẹn á máa sáré, á tún máa rọra, kíkùn náà á sì máa yí pẹ̀lú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo Noise Reduction (ohun tí Audacity fi ń yọ ariwo) tí ibẹ̀rẹ̀ fáìlì á mọ́ tí ìparí ẹ̀ ò ní mọ́, wọ́n á tún ní sọ́fítíwíà ò dáa.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ó dá mi lójú pé ṣájà yín yẹn ẹlẹ́nu méjì ni, irú èyí tá a máa fi bírò ti ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé. Kò ní earth, ìyẹn wáyà tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Iná díẹ̀ máa ń jò látinú irú ṣájà bẹ́ẹ̀ wọ ara láptọ́ọ̀pù, kò tó nǹkan, kò lè pààyàn, ṣùgbọ́n ó ń wá ibi tó máa gbà bọ́ sílẹ̀. Míkísà yín wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, òun ní earth tiẹ̀. Ọ̀nà wo ló wà láàárín àwọn méjèèjì? Wáyà tẹ́ ẹ fi gbé ohùn látinú míkísà sínú sọ́ǹdù káàdì ni. Iná yẹn á gba orí wáyà náà kọjá, sọ́ǹdù káàdì ò sì mọ èyí tó jẹ́ màmá yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ iná, gbogbo ẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ṣájà, ọ̀nà já, kíkùn dákẹ́. Bọ̀dá ò mọ ìwé àlàyé yìí o, ṣùgbọ́n etí wọn gbé wọn débẹ̀, mo kan sárá sí wọn.

Àmọ́ yíyọ ṣájà nìkan kọ́ ni oògùn ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ki míkísà àti láptọ́ọ̀pù bọ extension kan náà, ìyẹn nìkan máa ń dín in kù gan-an nígbà míì, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Tó bá ṣì kù, ẹ wá nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, àárín míkísà àti sọ́ǹdù káàdì ló máa ń wà, ó máa ń jẹ́ kí ohùn kọjá láìjẹ́ kí irin kan irin, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ rédíò ọkọ̀ máa ń ní in torí àwọn ọkọ̀ náà máa ń kùn. Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹnì kan gé irin òkè tó gùn lórí púlọ́ọ̀gì míkísà kúrò. Mo ti bá irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ohùn káàkiri Ìjẹ̀bú, wọ́n á ní ìyẹn ló lé kíkùn lọ. Lóòótọ́ ló lé e lọ. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá já nínú míkísà yẹn, màmá ẹni ọgọ́rin ọdún tó di máìkì onírin mú ni iná máa bá lọ. Ẹ má ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ń já, èyí tó jẹ́ tìẹ. Ibí ni mo fẹ́ kó o ti fọkàn bá mi lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yín so kọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ yọ ṣájà, ẹ rò pé nǹkan kan lẹ yí padà. Nǹkan méjì ló yí. Ẹ já ọ̀nà kíkùn, ìyẹn lẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù náà rí i pé òun ti wà lórí bátìrì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bátìrì ná: Windows á dín eré processor kù, á ní kí àwọn ojú USB tó bá rò pé wọn ò ṣiṣẹ́ máa sùn, tí bátìrì bá wá lọ sílẹ̀ gan-an, battery saver á tan ara ẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni, àyàfi tí ẹnì kan bá ti yí ìyẹn padà. Sọ́ǹdù káàdì ní tiẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ nǹkan ná. Tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn ní 44100, ìgbà 44,100 ló ń wọn ohùn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó ń kó o sínú buffer, ìyẹn ibi tí ohùn ti ń dúró fún ìgbà díẹ̀, processor ló gbọ́dọ̀ wá kó o níbẹ̀ lọ sórí díìsìkì. Ó dà bí ẹni tó ń yan gààrí tí ò lè dá iná dúró, tí ẹni tó ń kó o sápò wá ń tòògbé, ilẹ̀ ni gààrí máa bọ́ sí. Buffer tó ń gba ìwọ̀n ohùn 512, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 0.012. Tí processor bá fi díẹ̀ pẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn, "rì" inú Akárìgbò ti lọ, kò sí irinṣẹ́ kankan lókè eèpẹ̀ tó lè gbé e padà torí kò dé inú fáìlì rárá.

O fẹ́ ẹ̀rí? Audacity fúnra ẹ̀ máa ń jẹ́rìí. Lọ sí Preferences, níbi Recording, wo bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí Detect dropouts. Tó bá wà níbẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá dá ìgbohùnsílẹ̀ dúró, á sọ fún yín pé ohùn kan sọnù, á fi ìlà kan sísàlẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tó ti sọnù gan-an, á sì fi ìdákẹ́jẹ́ dí ihò yẹn kí ìyókù má bàa sún kúrò láyè ẹ̀. WAV lo fi ránṣẹ́ sí mi, àmì yẹn kì í bá WAV rìn, àmọ́ tó o bá ṣí fáìlì .aup3 tó wà lọ́dọ̀ yín, èyí tí Audacity fi ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra ẹ̀, wàá rí i. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo ti àtijọ́ tó ṣáájú 3.0 ti ọdún 2021, .aup àti fódà kan tó ní _data ló máa ń wà pọ̀, ẹ má gbé ọ̀kan sínú fláàṣì kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ní Audacity jẹ iṣẹ́ yín o, mo ti dá ẹjọ́ yẹn títí ó sú mi.)

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni Audacity ń rí ṣá. Nígbà míì ohùn ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, nínú dráífà (sọ́fítíwíà kékeré tí Windows fi ń darí ẹ̀rọ) tàbí lójú USB, òun á kàn gba ohun tó kù, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra bíi pé kò sí nǹkan. Tí ọ̀rọ̀ bá ń já tí ò sì sí àmì kankan, ṣe báyìí: gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, kí fóònù náà máa gba ohùn tiẹ̀, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan gbàà, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10 tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọn àárín àtẹ́wọ́ méjèèjì nínú fáìlì fóònù, wọ̀n ọ́n nínú fáìlì láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀rọ méjì ò ní aago kan náà, nítorí náà tí ìyàtọ̀ ò bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, fi í sílẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Tí ti láptọ́ọ̀pù bá wá fi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú ju ti fóònù, ohùn ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tún jiyàn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i: ẹ fi bátìrì sílẹ̀ kó kún, ẹ lọ sí Power mode kẹ́ ẹ yàn Best performance nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá wà lórí bátìrì gan-an (torí Windows lè ní ti bátìrì lọ́tọ̀, ti ṣájà lọ́tọ̀, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn), ẹ lọ sínú Power Options kẹ́ ẹ pa USB selective suspend, ẹ pa wifi, ẹ ti Chrome, ẹ má gba ohùn tààrà sórí fláàṣì. Buffer length inú Audacity, 100 milliseconds ló máa ń wà, ẹ lè gbé e sókè, ẹ̀yin ò kọrin lé ohùn tó ń lọ lọ́wọ́, kò sí ohun tó kàn yín pẹ̀lú pé ó pẹ́ díẹ̀. Tó bá ṣì ń já lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ lo LatencyMon, sọ́fítíwíà kan tó ń wo ohun tó ń dá processor dúró, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dárúkọ dráífà tó ń di ọ̀nà fún àwọn yòókù, ti wifi ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀.

Nísinsìnyí ẹni Ṣàgámù. Mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ inú máa ń bí mi sí irú àyẹ̀wò yẹn, kí èèyàn má tíì gbọ́ ohùn rárá kó ti ní ká yọ sọ́fítíwíà, tàbí ká fọ láptọ́ọ̀pù. Audacity tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ní 1999, tó jáde ní 2000, kóòdù ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, àwọn tó ń lò ó kún ayé, tó bá jẹ́ òun ló ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn ìyá lẹ́nu, ìròyìn ẹ̀ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìpẹru wá. Ó lè ní àìsàn tiẹ̀ o, gbogbo sọ́fítíwíà ló ní in. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí la ń fi mú ọ̀daràn. Yọ ṣájà bẹ́ ẹ ṣe ń yọ ọ́, kó o wá fi Sound Recorder tó wà nínú Windows gba ohùn kan náà. Tí tiẹ̀ náà bá já, Audacity ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ Audacity nìkan ló já, yí MME tó wà lókè níbi Audio Host sí WASAPI (ọ̀nà méjì tí ohùn lè gbà láti Windows dé Audacity nìyẹn), torí MME yẹn ti wà láti 1991, WASAPI bá Vista dé. Tó bá ṣì ń já, gbé e lọ sórí láptọ́ọ̀pù míì, tó bá já níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé o ti mú un, o lè wá kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é kó o sọ nọ́ńbà ẹ̀dà ẹ̀ àti ohun tó o tẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ.

O máa ní ṣebí ó dáa fún ọjọ́ méjì. Mo mọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ọjọ́ méjì yẹn, ṣé iná wà? Ṣé ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́? Torí tí ẹ bá gbà á pẹ̀lú ṣájà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ má já rárá, ì báà jẹ́ Audacity tuntun ì báà jẹ́ ti àná. Àti pé nígbà tó ń ṣe é, ó pa láptọ́ọ̀pù ó tún tàn án, ìyẹn nìkan ń tú ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀yin wá gbé oríyìn fún yíyọ àti gbígbé padà. Ẹ sì wò ó, tẹ́ ẹ bá yọ Audacity tẹ́ ẹ tún gbé e sí i láì fọwọ́ sí Reset Preferences nígbà tó ń wọlé, ètò yín àtijọ́ ló máa bá ńlẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà nínú fáìlì audacity.cfg tí wọn ò fọwọ́ kàn. Aṣọ tuntun, ara àtijọ́.

Nǹkan míì kan tó máa ń dá irú ìjà yìí sílẹ̀ tẹ́ni kankan kì í fura sí: ṣé ẹ tiẹ̀ dá a lójú pé máìkì yín ni Audacity ń gbà? Tí USB bá yọ díẹ̀ tẹ́ ẹ tún fi í padà, Windows lè ti bọ́ sórí máìkì tó wà lára láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, màmá á ṣì máa sọ̀rọ̀, ìlà á ṣì máa ga. Ẹ wá jókòó ẹ ń jiyàn lórí wáyà tí ohùn ò gbà kọjá. Fi èékánná họ orí máìkì yín jẹ́ẹ́jẹ́, wo ìlà. Kó o wá họ ara láptọ́ọ̀pù nítòsí kámẹ́rà. Èyí tó bá pariwo hàgàhàgà ni Windows ń gbọ́. Èyí ni mo máa ń ṣe kí n tó ṣe ohunkóhun, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àwọn ẹjọ́ míì tẹ́ ẹ lè bá pàdé, kẹ́ ẹ má bàa tún jà: tí ohùn màmá bá di ti bàbá, tó ń falẹ̀, nǹkan tẹ́ ẹ gbà ní 48000 ni ibì kan ń kà bíi 44100, wákàtí kan á fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún gùn sí i, nọ́ńbà méjì yẹn ni kẹ́ ẹ lọ fi bára mu, kò sóhun tó ṣe ohùn. Tí ohùn bá dún nínú íápíìsì àmọ́ tó sọnù lẹ́nu fóònù tó ní spíkà kan ṣoṣo, wáyà yín ló gbé apá ọ̀tún àti apá òsì lòdì síra wọn, wọ́n bá pa ara wọn nígbà tí wọ́n pàdé, ẹ pa apá kan nínú Audacity kẹ́ ẹ lo èkejì. Tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí ìlù bá ń wọlé tó ń jáde, tí ohùn èèyàn nìkan ń dúró, bó ṣe máa ń rí nínú fídíò àwọn tó ń fi fóònù ya Ojúde Ọba, ẹnì kan fi ohun tó ń pa ariwo sílẹ̀ ní títàn, ó sì ti ka ìlù sí ariwo. Ní Windows ẹ wá Audio enhancements kẹ́ ẹ pa á. Ẹni tó ṣe é ò mọ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ òní lẹ fẹ́ lọ gba ti màmá míì, tẹ́ ẹ ò sì tíì ráyè ra nǹkan kan, ẹ fi ṣájà sílẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyẹn, mi ò fi bọ̀dá ṣeré. Kíkùn wà nísàlẹ̀, ó sì ń lọ bákan náà, ẹ lè fi Notch Filter yọ ọ́ ní 50, 100 àti 150, tàbí kẹ́ ẹ mú ibi tí màmá ti dákẹ́ fún Noise Reduction, kẹ́ ẹ lò ó díẹ̀díẹ̀ kí ohùn má bàa dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ tó já ò ṣeé yọ, ò ṣeé fi sí. Orúkọ ló sì pọ̀ jù nínú oríkì, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ò ní lè méfò ohun tó já. Fún ti ọjọ́ iwájú, èmi á mú ṣájà pẹ̀lú isolator ju bátìrì lọ, torí àwọn ìyá yìí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ wọn kì í dúró, bátìrì láptọ́ọ̀pù àlòkù ò lè bá wọn dé ìparí.

Ní ti bọ̀dá, má lọ sọ fún wọn pé ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Kò tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Lọ bá wọn, kí wọn dáadáa, ní kí wọ́n bá ẹ fetí sí nǹkan. Gba fáìlì mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì méjì, ohùn ẹnì kan náà, ibì kan náà: èyí tí ṣájà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀; èyí tẹ́ ẹ yọ ṣájà tẹ́ ẹ ò tún ohunkóhun ṣe; èyí tẹ́ ẹ yọ ṣájà tí bátìrì kún tẹ́ ẹ sì ti yàn Best performance. Ẹ má yí nǹkan míì, kódà ipò tí ìjókòó wà. Pe wọ́n ní A, B, D, má sọ èyí tó jẹ́ èwo fún wọn, jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sórí ìwé, ìwọ náà kọ tìẹ, kẹ́ ẹ tó fi han ara yín. Tí D bá mọ́ tí ọ̀rọ̀ ò sì já, a jẹ́ pé bọ̀dá lè yọ ṣájà wọn, ìwọ náà á rí ọ̀rọ̀ ẹ gbà.

Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ. Bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp o, ẹ má gbé fóònù síwájú spíkà kẹ́ ẹ wá fi voice note gbà á, torí ìyẹn á fún ohùn pọ̀, á da tiẹ̀ mọ́ tiyín, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ àìsàn láptọ́ọ̀pù yín mọ́.